Ìlà Kẹẹ̀ẹ́dógún

1.

…mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Gbogbo ìyókù tí nọ́ọ̀sì sọ, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Ọmọ mi Àràmídé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta ni. A wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Ọ̀wọ̀. Ó nà gbalaja sórí ìwọ̀n láìwọṣọ, ó ń wo àjà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé kò kàn. Kílò márùn-ún ó lé díẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ṣẹ̀fíátù fi báírò tẹ àmì kan sórí káàdì rẹ̀, níbi tí àwọn ìlà kan ti ń gòkè lọ bí ipa ọ̀nà tó gun orí òkè.

Ó ní, "Ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún ló wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó dáa bẹ́ẹ̀, kẹ̀?

Èmi Olúfúnmilọ́lá, tí mi ò gba ohun tó kéré sí ọgọ́ta rí láti pírámárì! Ọkọ mi ń kọ́ àwọn èèyàn ní poli. Nínú ilé tiwa, a mọ ohun tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń jẹ́.


2.

Ohun tí èmi àti Láníyì ọkọ mi sọ nígbà tí mo délé:

ÈMI: Dádì Àràmídé, ọmọ yín gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

LÁNÍYÌ: Nínú kí ni?

ÈMI: Nínú ọgọ́rùn-ún.

LÁNÍYÌ: (Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń máàkì. Ó gbé báírò sílẹ̀.) Iṣẹ́ wo?

ÈMI: Sísanra.

LÁNÍYÌ: Ogójì la fi ń yege lọ́dọ̀ tiwa.

ÈMI: Mo mọ̀.

LÁNÍYÌ: Ṣé wọ́n á jẹ́ kó tún un ṣe?

ÈMI: Oṣù tó ń bọ̀.

LÁNÍYÌ: Ká yáa bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ nìyẹn.

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.


3.

Lórí Wasáàpù, grúùpù ÀWỌN ÌYÁ ALÁYỌ̀, Ọ̀WỌ̀ ÀTI Ọ̀SẸ́. Àwa tí a bímọ ní àkókò kan náà la wà níbẹ̀. Abigail, tíṣà kan ní Ìsùadà, ni alámòójútó. Bright ni orúkọ ọmọkùnrin rẹ̀.

ABIGAIL: Ẹ bá mi yọ̀ o! Bright mi pé oṣù mẹ́ta! Ó kù díẹ̀ kó pé kílò mẹ́jọ! Nọ́ọ̀sì ní ìlà kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà, ìlà òkè pátápátá!!! 🏆🏆

ÌYÁ KAN NÍ ARÍMỌGÍJÀ: Ọmọ ńlá! Gómìnà lọ́la!

ÌYÁ MÌÍRÀN: Kí lẹ ń fún un jẹ, ẹ jọ̀ọ́?

ABIGAIL: Ọmú lásán ni o. Oore Ọlọ́run.

ÌYÁ KAN NÍ ARÍMỌGÍJÀ: Màmá Àràmídé, tiyín ńkọ́?

(Mo kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Mo pa á rẹ́.)

ÈMI: Ó ń ṣeré.


4.

Ohun tí mo ṣe kí àmì báírò náà lè gòkè:

mo fún un lọ́mú nígbà tó jí

mo fún un lọ́mú nígbà tó ń sùn

mo wọ súwẹ́tà méjì fún un lọ síbi ìwọ̀n (nọ́ọ̀sì bọ́ ọ)

mo fi fìlà kún un (nọ́ọ̀sì ṣí i)

mo gbàdúrà kó má tíì yàgbẹ́ kí á tó débẹ̀. Àdúrà náà gbà. Orí ìwọ̀n gan-an ló yà á sí.


5.

Ìyá ọkọ mi dé láti Emùré-Ilé. Ìyá Emùré la máa ń pè é. Ògì bàbà ló gbé wá, pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀ àti ìgò òróró kan tí mi ò bèèrè ohun tó wà fún. Ó gbé ọmọ, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò wọn ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ọma mi, ṣé wọn kì í fún ọ jẹ nínú ulé yìí ni?"

Mo ní, "Mà, nọ́ọ̀sì sọ pé ọmú nìkan, títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà."

"Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ mélòó ló bí?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti kùnà.


6.

Ìyá Emùré tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ife sí i lẹ́nu, ó ń da ògì sí i, ọmọ ń gbé e mì, ó ń gbé e mì, ó ń tú u síta, ó ń sunkún, ó tún ń gbé e mì. Láníyì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ rọra o," bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí awakọ̀. Ẹnì kan di ẹsẹ̀ ọmọ mú kó má baà ta.

Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ.

Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ọmọ mi mú.


7.

Ìgbẹ́ gbuuru. Èébì. Ojú tó jìn wọnú. Ọmọ tó ń sunkún tí omi kò jáde lójú rẹ̀.

Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ sí abẹ́ nọ́ḿbà yìí.


8.

Ní ilé ìtọ́jú ọmọ, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tó ṣí ojú, tó sì wá ọmú fúnra rẹ̀, Nọ́ọ̀sì Ṣẹ̀fíátù fa àga, ó jókòó sí iwájú àwa mẹ́ta. Mo rántí gbogbo rẹ̀:

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀yin ará ilé yìí, ta ló sọ fún yín pé ọmọ yìí ń ṣèdánwò?

(Láníyì wò mí. Mo wo Ìyá Emùré.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ to ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí ara gbogbo wọn le. Kí èyí tó fúyẹ́ jù síwájú, kí èyí tó wúwo jù kẹ́yìn. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni tiyín dúró sí. Ó parí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀.

LÁNÍYÌ: Ṣé kò lè sún sẹ́yìn díẹ̀ ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Tó bá sún, bàbá, ta ló máa wá dúró síbẹ̀?

LÁNÍYÌ: (pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́) Ọmọ ẹlòmíì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ipò kọ́ là ń wò. Ọ̀nà là ń wò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀. Tó bá ti ń tọ ìlà rẹ̀ lọ, tó ń ṣeré, tó ń tọ̀ dáadáa, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọmọ tó bá já kúrò lórí ìlà tiẹ̀, tó bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, tó tún já kúrò lórí ìyẹn, òun ni kí ẹ gbé wá bá mi kíákíá. Ibi yòówù kó ti máa já bọ̀.

ÌYÁ EMÙRÉ: Ọmọ mélòó lo bí?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mẹ́rin, Mà.

ÌYÁ EMÙRÉ: Hùn.

Ó kó ògì rẹ̀ padà sínú àpò. Òróró náà, mi ò mọ ibi tó gbé e gbà.


9.

Oṣù kẹrin, Àràmídé rẹlẹ̀ díẹ̀. Oṣù karùn-ún, ó ti padà sórí ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún, ó jókòó síbẹ̀ bí ìyálọ́jà.

Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ọkàn mi ti balẹ̀, pé mi ò fi ọmọ mi wé ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ má gbà mí gbọ́.


10.

Láti inú grúùpù, oṣù méjì pa pọ̀:

ABIGAIL: Oṣù kẹrin! Kílò mẹ́jọ lé díẹ̀! 💪

ABIGAIL: Oṣù karùn-ún! Kílò mẹ́jọ ṣì ni! Ọmọ mi kò bọ́ sílẹ̀!

ÌYÁ MÌÍRÀN: Olówó orí ìwọ̀n!

ABIGAIL: Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Tó bá ń mu ọmú, ṣe ló máa ń làágùn bí ẹni tó ń kọ ebè! Á mu díẹ̀, á sinmi, á tún mu. Mo ní òṣìṣẹ́ kára lèyí o! 😂😂

Èèyàn mọ́kànlá ló rẹ́rìn-ín sí i. Èmi wà lára wọn.


11.

ÌKÉDE

Gbogbo ìyá ọmọ, ẹ kú oríire!

ÌDÍJE ỌMỌ TÓ REWÀ, TÓ SÌ SANRA JÙ

yóò wáyé nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa lẹ́yìn ìsìn Sunday tó ń bọ̀.

Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan nìkan. A ó wọn ọmọ ní gbangba. Adájọ́: àwọn Ìyá Ìjọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún ọmọ lómi mu yó kí ẹ tó gbé e wá bí ti ọdún tó kọjá.

Ìpinnu àwọn adájọ́ ni abẹ gé.


12.

Ìyá Emùré ló forúkọ Àràmídé sílẹ̀ láìsọ fún mi. Ó ní ojú àánú Ọlọ́run kì í wo ìwọ̀n.

Ojú àwọn Ìyá Ìjọ ń wò ó. Wọ́n fún ọmọ mi ní ẹ̀bùn ìtùnú, ọṣẹ ìwẹ̀ kan àti aṣọ tí wọ́n fi ń gba itọ́ ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní kí n má sunkún, Ọlọ́run kan náà tó ń sọ adìyẹ di ńlá wà lórí ìtẹ́. Mi ò tíì fẹ́ sunkún kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bright ló gba ipò kìíní. Kílò mẹ́jọ lé díẹ̀. Wọ́n fi aṣọ olówùú kan tí wọ́n kọ ASIWAJU ÀWỌN ỌMỌ sí há a lọ́rùn, wọn ò sì fàmì sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Dominic bàbá rẹ̀ gbé e sókè, gbọ̀ngàn hó.

Lẹ́yìn náà ni Abigail jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti fún un lọ́mú. Mo wò ó. Mo fẹ́ rí bí ọmọ tó wà ní òkè pátápátá ṣe máa ń jẹun.

Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó dáwọ́ dúró. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, fáànù sì wà lókè orí wa. Ó tún fà á. Ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ó sùn lọ, ọmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ Aṣíwájú lọ́rùn.

Abigail rẹ́rìn-ín sí mi. "Ṣé ẹ rí i? Ayẹyẹ ti rẹ̀ ẹ́."


13.

Bí mo ṣe délé, mo mú káàdì Àràmídé. Mo tú inú grúùpù láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣa gbogbo ohun tí Abigail ti kọ nípa ìwọ̀n Bright, mo fi ti ọjọ́ ìdíje kún un, mo sì fi báírò pupa tẹ̀ wọ́n sórí káàdì ọmọ mi.

Ìdí tí mo fi ṣe é: mo fẹ́ rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ga ju tèmi lọ tó. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i, kó dùn mí dáadáa.

Láníyì wò ó láti ẹ̀yìn mi.

"Fúnmi, káàdì ọmọbìnrin nìyẹn. Ti ọkùnrin yàtọ̀."

Ó lọ tẹ ti ọkùnrin jáde wá láti poli ní ọjọ́ kejì. Mo tún un tẹ̀.

                                    •  oṣù kẹta: ìlà òkè pátápátá

                            •  oṣù kẹrin: ó ti kúrò lórí rẹ̀

                    •  oṣù karùn-ún: ó ti já ìlà kan

            •  oṣù kẹfà: ó ń sún mọ́ àárín

Ìwọ̀n rẹ̀ kò dínkù. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i nìyẹn. Ìlà ń gòkè, ọmọ dúró sójú kan.

Mo wá wo ti Àràmídé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń tọ ọ̀nà rẹ̀ bọ̀.

Fún ìgbà díẹ̀, inú mi dùn.

Ẹ gba èyí gbọ́.


14.

LÁNÍYÌ: Má dá sí i.

ÈMI: Ẹ ti rí i.

LÁNÍYÌ: Mo rí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi adé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ìwọ tí wọ́n fún ní ọṣẹ ìwẹ̀ wá fẹ́ lọ sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n á ní ìlara ni.

ÈMI: Ìlara náà ni. Ìlara ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

LÁNÍYÌ: Ṣé o rí i?

ÈMI: Ṣùgbọ́n ohun tí ìlara fi hàn mí kì í ṣe irọ́.

(Ó tún mú káàdì ọkùnrin náà, ó wò ó.)

LÁNÍYÌ: Tó bá jẹ́ Àràmídé ńkọ́?

ÈMI: Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.


15.

~~Màmá Bright, ẹ kú ayẹyẹ o. Ẹ má bínú, mo kàn ní kí n~~

~~Ẹ̀gbọ́n mi, mo lálàá kan nípa~~

~~Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà (mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan tó jẹ́ dókítà) sọ pé~~

~~Abigail, ọmọ rẹ~~


16.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́, sí òun nìkan:

Màmá Bright, ẹ káàsán. Mo wo ìwọ̀n Bright tí ẹ ń kọ sínú grúùpù. Láti oṣù kẹrin, kò fi bẹ́ẹ̀ kún mọ́. Ó ṣì wúwo, ṣùgbọ́n ó ti ń já kúrò lórí ìlà tirẹ̀. Mo sì rí i bó ṣe ń làágùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe ń mu ọmú. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ kí dókítà gbọ́ àyà rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹlòmíì.


17.

Ohùn Abigail, bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù:

"Fúnmilọ́lá. Mo ní Fúnmilọ́lá. Ìwọ lo jókòó tì mí, tí ò ń wo ẹnu ọmọ mi bó ṣe ń jẹun? Ò ń kọ ìwọ̀n ọmọ mi sílẹ̀? Ọmọ tìrẹ tó dà bí ìgbálẹ̀, ṣé mo wọ̀n ọ́n rí? Ṣé mo bèèrè? Ojú rẹ kò ní í ríran rí ọmọ mi mọ́. Bright ò ní í já. Lórúkọ Jésù, kò ní í já láti ibi kankan. Máa gbọ́ tìrẹ o. Máa gbọ́—"

Ohùn náà gé síbẹ̀. Kó tó gé, mo gbọ́ Bright lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà jíjìn, tó ń wúkọ́.


18.

*Abigail ti yọ ẹ́ kúrò nínú grúùpù.*


19.

Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri, bí Ìyá Emùré ṣe kó o bọ̀:

pé ìyàwó Láníyì ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí

pé báírò pupa ló fi ń kọ ọ́

pé ó gbé èpè ránṣẹ́ lórí fóònù

pé òun náà ló pa adìyẹ ẹnì kan ní Ìsùadà (adìyẹ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí)

Ìyá Emùré sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá jókòó. Mo retí kó bá mi wí. Ó ní, "Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí, ó máa ń làágùn báyẹn. A sọ pé agbára ni."

Ó dìde, ó lọ gbé Àràmídé. Mi ò mọ̀ rí pé Láníyì ní ẹ̀gbọ́n.


20.

Ọjọ́ ìwọ̀n. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní oṣù kẹfà bọ́ sí ìkeje. Àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àyè ṣófo lọ́tùn-ún mi, àyè ṣófo lósì mi. Ó hàn pé ìròyìn báírò pupa ti ṣáájú mi débẹ̀.

Abigail wọlé, ó pọn Bright. Ìsùadà ló ti máa ń wọn ọmọ rẹ̀, kì í wá sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ojú yí sí i. Ó wo gbogbo bẹ́ǹṣì, ó wá jókòó sí ọ̀tún mi.

Kò kí mi. Mo ń tún aṣọ Àràmídé ṣe.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fa káàdì Bright yọ nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

ABIGAIL: Kà á fún mi.

ÈMI: Nọ́ọ̀sì á—

ABIGAIL: Ìwọ ni mo ní kó kà á. Tíṣà ni mí, mo ń fi ìlà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ ìṣirò. Láti ọjọ́ tí o ti kọ nǹkan yẹn, mo ń wọ̀n ọ́n ṣáá. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Mo ń sọ pé mẹ́jọ dáa. Ṣé mẹ́jọ kò dáa ni?

ÈMI: Mẹ́jọ dáa.

ABIGAIL: Ẹ̀hẹ́n.

ÈMI: Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ló dáa. Ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Mo fi ìka mi tọ àwọn àmì náà fún un, láti òkè bọ̀. Ó ń wo ìka mi. Nígbà tí mo dé èyí tó kẹ́yìn, kò jẹ́ kí n gbé ọwọ́ kúrò. Ó di ìka mi mú síbẹ̀.

"Dominic ní kí n má wá," ó ní. "Ó ní ẹ̀rù ni o fẹ́ fi bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Nọ́ọ̀sì Ṣẹ̀fíátù pe orúkọ Bright.


21.

Ó wọ̀n ọ́n. Ó wo káàdì. Kò tẹ àmì kankan. Ó fi ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà há etí, ó gbé e sí àyà ọmọ, ó gbọ́ ọ, ó sún un sápá kan, ó tún gbọ́ ọ. Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì na ọrùn. Ó jáde, ó lọ pe dókítà. Dókítà náà gbọ́ ọ, ó sì pẹ́ ju nọ́ọ̀sì lọ.

Ó ní àwọn kan wà ní ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn ọmọdé. Ó ní kí wọ́n lọ lónìí. Ó ní òun ò lè sọ nǹkan kan títí wọ́n á fi wò ó. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé Abigail bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Abigail dúró láàárín yàrá. Ìró rẹ̀ ti tú, fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ Dominic ló hàn lójú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé kò mọ èyí tó yẹ kó lò.

"Bá mi gbé e," ó ní.

Mo gbé Àràmídé fún Nọ́ọ̀sì Ṣẹ̀fíátù. Mo na ọwọ́. Bright wọlé sí mi láyà, ó gbóná, orí rẹ̀ tutù fún òógùn. Ó fi ojú rẹ̀ ńlá méjèèjì wò mí, ó ń mí kíákíá, kíákíá, lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ó wúwo. Ó wúwo gan-an ni.